Ọkọ̀ Inú Omi Ríru: Bí Ìmọ̀ Ṣe Tún Ọkọ̀ àti Odò Ṣe

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allāh ni, Ẹni tí ó rọ omi fún ọmọ aráyé. 

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá, tí ó bojú wo ìhà Yábàá, yóò rí àwọn ọkọ̀ Mákòkó lórí ọ̀sà. Ọmọ kékeré ń fi àjẹ̀ wà á bí ẹni ń ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kéú mi léèrè pé ta ló mọ odò wẹ̀ nínú wọn, ọwọ́ mẹ́ta péré ló gòkè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn eré ìdíje ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní slalom.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn yóò ta okùn kọjá lókè odò tí ń ṣàn kíkankíkan, wọn yóò so ọ̀pá méjì-méjì rọ̀ lára rẹ̀ bí ẹnu-ọ̀nà. Ẹnu-ọ̀nà 18 sí 25 ni awakọ̀ yóò gbà kọjá ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àti funfun, yóò bá omi lọ. Èyí tí ó jẹ́ pupa àti funfun, yóò dojú kọ omi kí ó tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá fara kan ọ̀pá, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni wọn yóò fi kún àkókò rẹ̀. Bí ó bá fo ẹnu-ọ̀nà kan, 50 ni. Ní ọdún 1992, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni ìyà fífi ara kan ọ̀pá.

Ilẹ̀ Switzerland ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933. Eré tí wọ́n ń sá lórí yìnyín ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: orí adágún omi tí kò ṣàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò! Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sínú odò ríru. Ní ọdún 1949 ni wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Geneva.

Ọkọ̀ ìgbà náà jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi aṣọ tí omi kì í wọ̀ bò, tí a lè ká. Bí ó bá forí sọ òkúta, ó lè ya. Nígbà tí ó di bíi ọdún 1960 sókè, ọkọ̀ fáíbà dé, ó le, ó sì fúyẹ́. Wọ́n wá ń tẹ́ orí àti ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ó lè gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Lónìí, carbon ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 9 lọ, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àpò ìrẹsì ńlá. Ní ọdún 2005, òfin gbà kí ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan kúrú láti mítà 4 sí mítà 3.5, kí ó lè tètè yí.

Odò náà kò gbẹ́yìn. Fún ìdíje Òlíńpíìkì Munich ní ọdún 1972, àwọn ará Jámánì fi kọnkéré ṣe ipa odò ní Augsburg. Ogún ọdún kọjá kí eré náà tó padà sí Òlíńpíìkì, ní Barcelona ní ọdún 1992. Ní London ní ọdún 2012, ẹ̀rọ ló ń fa omi sókè kí ó lè ya wálẹ̀ padà. Ẹ ò rí i pé ọmọ ènìyàn kò dúró de odò mọ́, ó fi òye tí Ọlọ́hun fún un ṣe é.

Ǹjẹ́ àwa dúdú wà níbẹ̀? A wà níbẹ̀. Ní Beijing ní ọdún 2008, Benjamin Boukpeti gba àmì ẹ̀yẹ bàbà fún Togo, ẹ̀kejì Benin tí ó jẹ́ aládùúgbò wa. Òun ni àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà gbà nínú eré ìdárayá gbogbo. Ní London ní ọdún 2012, Jonathan Akinyemi wa ọkọ̀ fún Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ti fi ilé hàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Boukpeti sí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti Akinyemi. Odò òkèèrè ló kọ́ àwọn méjèèjì.

Kí ló fà á? Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé a kò ní omi. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀sà wa kò ru tó, ṣé adágún tí kò ṣàn kọ́ ni àwọn ti Switzerland fi bẹ̀rẹ̀? Ohun tí ó kù fún wa ni ẹ̀kọ́. A ń sọ fún ọmọ pé kó má dé etí omi, a kò sì kọ́ ọ bí yóò ṣe là á já bí ó bá ṣubú sí i. Ìbẹ̀rù kì í gba ọmọ lọ́wọ́ omi. Ìmọ̀ ló ń gbà á.

Ẹ̀sìn wa kò kọ eléyìí. Nínú hádíìsì kan tí Imám An-Nasā'ī gbà wá, kíkọ́ odò wíwẹ̀ wà lára eré tí kì í ṣe asán. Ànábì Nūhu pẹ̀lú, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ kí ìkún omi tó dé. Kì í ṣe ọjọ́ tí omi dé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pákó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ wá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́, kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin yín kọ́ odò wíwẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹ̀sìn ti fẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ Mákòkó tí ń wa ọkọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí olùkọ́ àti ọkọ̀ tí ó yẹ, ta ló mọ ibi tí yóò dé?

Kí Ọlọ́hun Allāh fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣeni lóore, kí ó sì fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Àmín.