Ilé àti Ìta: Ìtàn Ibi Tí Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná Ti Ń Gba Agbára

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi iná mànàmáná rìn, ìbéèrè kan kì í gbẹ́yìn: ṣé inú ilé ni ó yẹ kí olówó ọkọ̀ ti máa fi iná sí bátìrì rẹ̀ ni, àbí ní ibùdó gbogbogbòò tí ń fún un ní iná kíákíá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìbéèrè yìí sí tuntun, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọdún 1897, takisí oníná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú New York. Àwọn awakọ̀ kì í dúró de bátìrì kí ó kún. Ibùdó kan ni wọ́n ń lọ, níbi tí a ti ń yọ bátìrì tí agbára rẹ̀ ti tán, tí a sì ń fi èyí tí ó kún rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó ra ọkọ̀ tiwọn, ní tiwọn, fẹ́ kí ó máa gba iná lóru nínú ilé. Ìṣòro kan dìde. Iná tí ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni bátìrì ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń ṣàn síwá-sẹ́yìn ni ó wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀rọ tí Peter Cooper Hewitt ṣe ní ọdún 1902 láti yí irú iná kejì yìí padà sí ti àkọ́kọ́ ni ó tú kókó náà. Clara, aya Henry Ford tí ó sọ ọkọ̀ elépo di ti mẹ̀kúnnù, pàápàá wa ọkọ̀ oníná Detroit Electric ti ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1930, nǹkan bí oko kan péré nínú mẹ́wàá ni iná dé ní Amẹ́ríkà. Epo pẹtiróòlù sì ṣeé fi agolo gbé dé ibikíbi. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí ọkọ̀ oníná fi pòórá nìyẹn.

Nígbà tí ó padà dé, ìbéèrè àtijọ́ bá a dé. Ní ọdún 2012, Tesla ṣí àwọn ibùdó Supercharger rẹ̀ àkọ́kọ́ ní California. Iná ilé tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 7 yóò fún bátìrì ní kílówáàtì-wákàtí 56 ní wákàtí 8, nígbà tí olówó ọkọ̀ ń sùn. Ibùdó kíákíá lè ṣe iṣẹ́ yìí kí wákàtí kan tó pé. Àmọ́ bí bátìrì bá ti kún dé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100, ìyára náà a dín kù, kí bátìrì má baà bàjẹ́.

Owó ni ó fa ìyàtọ̀ tí ó dunni jù. Ní ọdún 2024, owó-orí VAT lórí iná ilé ní Britain jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ní ibùdó ìta, ìdá 20 ni. Ẹni tí ó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí nílé ń san kékeré. Ayálégbé tí ń gbọ́kọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ni ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn.

Nítorí náà, ibùdó kíákíá àti iná ilé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn: ti ìrìnàjò ni ọ̀kan, ti ojoojúmọ́ ni èkejì. Ẹni tí kò ní èkejì ni ìtàn yìí ti ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìjọba tí yóò bá ní kí ará ìlú ra ọkọ̀ oníná, ilé tí onítọ̀hún ń gbé ni kí ó kọ́kọ́ wò.