Páànù Orí Ilé Wa: Láti Èbúté Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Kí páànù tó dé, ewé àti koríko ni wọ́n fi ń bo ilé l'Ékòó. Bí iná bá sọ nígbà ọyẹ́, kì í ṣe ilé kan ló ń jó, àdúgbò ni.

Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní gèrégèré. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí bí a ṣe ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Ọgbọ́n méjèèjì yìí ló di páànù. Ọkọ̀ òkun ló gbé e wá. Nígbà tí èbúté Àpápá tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1920, ibẹ̀ ni rélùwéè ti ń kó ẹrù lọ sí òkè.

Síǹkì ló ń kọ́kọ́ jìyà tí ìbá jẹ irin. Bó bá fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun á tètè jẹ ẹ́ tán, irin á sì dípẹtà. Ìdí nìyí tí òrùlé Ajégúnlẹ̀ fi ń tètè pọ́n. Onílé ra èyí tó pọ́ọ́kú, ayálégbé ló ń gbé báàfù sábẹ́ òjò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́lé lọ́la, ẹ bèèrè géèjì kí ẹ tó sanwó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i: géèjì 28 nípọn ju 36 lọ. Ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín.