Ọmọ Tí A Fi Fún Ẹlòmíràn Tọ́



Láyé àtijọ́, ní Parakou àti ní agbègbè Borgou, Nàgó àti Bàríbá máa ń fi ọmọ fún ẹbí tọ́. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ àti ìwà, ó sì ń mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé: ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Nígbà tó yá, owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ń mú ọmọ lọ fún àjèjì. Ọmọ ń jí kí àkùkọ tó kọ, ó ń kiri ọjà, kò lọ sí ilé ìwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno padà dé Kùtọnu. Gàbọ̀n àti Kamẹrúùnù kò gbà á. Wọ́n bá àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò bá òbí rìn. Gbogbo ayé gbọ́. Ní ọdún 2006, ìjọba Benin ṣe òfin: ẹni tó bá ń ṣòwò ọmọ yóò lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ wò ó: ọmọ tí à ń nà, tí à ń bú lójoojúmọ́, ẹ̀rù ni yóò máa gbé kiri. Kì í bèèrè ọ̀rọ̀, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Yóò kọ́ irọ́ láti fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ọmọ tí a fi ìfẹ́ bá wí ń kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé.

Kí ẹ tó fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bèèrè: Ṣé yóò jẹun yó? Ṣé yóò lọ sí ilé ìwé? Ṣé a lè máa lọ wò ó? Bí ìdáhùn kò bá dára, ẹ jẹ́ kó dúró sílé.