Katima Mulilo: Ìlú Tó Wà Ní Ìparí Ìlà

Ẹ ṣí máàpù Nàmíbíà lórí fóònù yín, kí ẹ wo igun òkè lápá ọ̀tún. Ẹ máa rí ohun kan tó dà bí ìka tó yọ jáde lára orílẹ̀-èdè náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó nǹkan bíi 450 kìlómítà, Àǹgólà àti Sámbíà wà lókè rẹ̀, Bòtswánà wà nísàlẹ̀. Ibi tí ìka yẹn ti ń lọ sópin, létí odò Zambezi, ni Katima Mulilo wà. Òun ni olú ìlú ẹkùn Zambezi. Láti ibẹ̀ dé Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, ìrìn nǹkan bíi 1,200 kìlómítà ni. Lusaka tó jẹ́ olú ìlú Sámbíà sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ló dé tí ìlú kan fi jìnnà sí olú ìlú tirẹ̀, tó wá sún mọ́ ti aládùúgbò? Ohun tí a fẹ́ tú lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ. Ní èdè Lozi, Katima Mulilo túmọ̀ sí ohun tó ń pa iná. Àpáta pọ̀ nínú odò níbẹ̀, omi ibẹ̀ sì le. Wọ́n ní láyé àtijọ́, tí àwọn arìnrìn-àjò bá ń fi ọkọ̀ onígi kọjá, wọ́n máa ń gbé ẹ̀yinná dání kí wọ́n lè rí iná dá níbi tí wọ́n bá sùn sí. Tí wọ́n bá wá dé ibi àpáta yìí, omi á ta wọnú ọkọ̀, iná á sì kú.

Èdè Lozi yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Kololo, tí Sebetwane jẹ́ olórí wọn, ṣí wá láti ilẹ̀ àwọn Sotho ní gúúsù, wọ́n sì ṣẹ́gun ìjọba tó wà létí odò náà. Ní 1864, àwọn onílẹ̀ dìde, wọ́n gba ìjọba wọn padà. Àmọ́ èdè tí àlejò gbé wá kò bá àlejò lọ. Títí dòní, àwọn Subia, Fwe, Yeyi àtàwọn mìíràn tó wà ní agbègbè Katima ní èdè tiwọn, ṣùgbọ́n Lozi ni wọ́n jọ fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ààfin ọba Lozi wà ní òkè odò, níbi tó di Sámbíà lónìí. Ibẹ̀ ni ojú wọn ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀nà Windhoek nígbà yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá di ara Nàmíbíà? Ìwé ló ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1890, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Berlin. Jámánì gba Heligoland, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Yúróòpù, ó sì yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Zanzibar fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá fi ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe èènì: kí Jámánì, tó ti ń ṣàkóso ilẹ̀ tó di Nàmíbíà, lè rí ọ̀nà dé odò Zambezi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ibi tí ọ̀nà náà máa ti dín ní 20 máìlì ní fífẹ̀. Leo von Caprivi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ Bismarck ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ni olórí ìjọba Jámánì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà. Wọn ò bi ará ibẹ̀ kan ṣoṣo léèrè.

Jámánì lérò pé àwọn á lè gba orí odò yẹn dé Òkun Íńdíà. Ìṣòro kan ni pé Mosi-oa-Tunya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Victoria Falls, wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti òkè tó ga ju 100 mítà lọ. Livingstone ti rí i ní 1855, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gba ibẹ̀ kọjá, ó dàbọ̀ o!

Lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, ọdún 1909 ni Jámánì tó rán Kurt Streitwolf lọ síbẹ̀. Ó tẹ ibùdó kan dó, ó pè é ní Schuckmannsburg, orúkọ gómìnà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Ròdéṣíà gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ti ilẹ̀ yìí kiri bí ọmọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á tọ́: wọ́n fi sábẹ́ Bechuanaland, wọ́n dá a padà fún Windhoek ní 1929, nígbà tó di 1939, wọ́n fa apá ìlà-oòrùn rẹ̀ lé Pretoria lọ́wọ́, torí pé ó jìnnà jù sí Windhoek. Láàárín ìyẹn, omi ń ya bo Schuckmannsburg, ni wọ́n bá kó ibùjókòó ìjọba lọ sí Katima Mulilo ní 1935. Igi oṣè ńlá kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé tọ́ílẹ̀ẹ̀tì olómi sínú ihò rẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Ní 1964, Brendan Simbwaye àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ CANU sílẹ̀ láti bá ìjọba amúnisìn jà. Wọ́n mú un lọ́dún yẹn gan-an. Nígbà tó di 1972, ó pòórá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdún 1964 náà ni CANU dara pọ̀ mọ́ SWAPO. Ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ yìí ló wá dìjà lẹ́yìn náà. Àwọn ará CANU kan ní àdéhùn wà pé Caprivi máa dá dúró tí òmìnira bá dé. SWAPO ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Cairo, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ààlà tí òyìnbó fà dúró bó ṣe wà.

Nàmíbíà gba òmìnira ní 1990. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1999, àwọn tó fẹ́ kí Caprivi ya kúrò gbé ìbọn wọ Katima Mulilo. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ rédíò àti ibùdó ọmọ ogun. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹpẹtẹ. Mishake Muyongo, olórí wọn, ti sá lọ sí Bòtswánà ṣáájú, ó sì di ogúnléndé ní Denmark. Ó lé ní 100 èèyàn tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni ìdájọ́ tó parí: wọ́n dá 30 lẹ́bi. Àwọn kan ti kú sí àtìmọ́lé. Àwọn mìíràn ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó sọ pé wọn ò jẹ̀bi. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ti di àgbà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní Hague dájọ́ lórí erékùṣù kan nínú odò Chobe, tí Nàmíbíà ń pè ní Kasikili, tí Bòtswánà ń pè ní Sedudu. Nàmíbíà ní àwọn Subia láti Caprivi ti ń dáko níbẹ̀ láti ayébáyé. Ilé ẹjọ́ ní oko dídá yẹn kò sọ ibẹ̀ di ti Nàmíbíà. Àdéhùn 1890 ni wọ́n ṣí, wọ́n ń wá ibi tí ojú odò gan-an wà. Bòtswánà ló jàre. Ṣé ẹ rí i? Ìwé tó sọ wọ́n di ara Nàmíbíà náà ló gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ wọn.

Ní 2004, wọ́n ṣí afárá tó gùn tó 900 mítà láti Katima sí Sesheke ní Sámbíà. Láti ìgbà náà ni tírélà ti ń kó bàbà gba ibẹ̀ lọ sí Walvis Bay. Ọ̀nà òkun tí Jámánì ń wá dé wàyí, àmọ́ Òkun Àtìláńtíìkì ló kọjú sí, orí títì ló sì gbà. Ní 2013, ìjọba yí Caprivi padà sí Zambezi, Schuckmannsburg sì di Luhonono.

A ò ní ká tú gbogbo ààlà Áfíríkà ká. Ẹ̀jẹ̀ tó máa tinú ẹ̀ jáde á pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n yíyí orúkọ padà rọrùn. Orílẹ̀-èdè tó bá jogún ìlà òyìnbó ti jogún àwọn èèyàn tó wà ní ìparí ìlà náà mọ́ ọn. Gbèsè ló jẹ wọ́n: títì, iṣẹ́, ìdájọ́ tí kì í pẹ́, etí tó ń gbọ́. Afárá kan ti wà. Èyí tó máa so Katima pọ̀ mọ́ Windhoek gan-an, wọn ò tíì kọ́ ọ parí.