Ìmúdọ́gba Ohun Èlò Ìwakọ̀ Nínú Bàálù C-130 ti Ilé-iṣẹ́ Ológun Òfuurufú Amẹ́ríkà

Ọdún 1954 ni C-130, bàálù akẹ́rù, kọ́kọ́ fò. Láti ìgbà náà ni Lockheed ti ń ṣe é, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Orílẹ̀-èdè tó rà á pọ̀, Nàìjíríà náà ní irú H rẹ̀, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ní jù, ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣòro tí a fẹ́ yẹ̀ wò sì ti le jù. Orúkọ bàálù jẹ́ ọ̀kan, ìyẹ̀wù awakọ̀ kò jọra. Ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n yàtọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀, ẹgbẹ́ tó ń lò wọ́n sì ti fi rédà tàbí rédíò tó wù wọ́n kún un. Páílọ́ọ̀tì tó bá ti bùdó kan dé òmíràn lè jókòó kó máa wá ibi tí aago tó mọ̀ wà.

Ikú ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ohun èlò ìwakọ̀ di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 1996, CT-43A, ìyẹn Boeing 737 tí àwọn ológun ń lò, kọlu òkè nítòsí Dubrovnik ní Croatia. Ron Brown, mínísítà ètò ìṣòwò Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn 35 ló kú. Ẹ̀rọ méjì tó ń gba àmì rédíò láti ilẹ̀ ni ìlànà bíbalẹ̀ ibẹ̀ ń béèrè. Ọ̀kan ṣoṣo ni bàálù náà ní. Ní oṣù kẹsàn-án 1997, C-141 ti Amẹ́ríkà àti Tu-154 ti àwọn ológun Jámánì forí gbárí lójú òfuurufú nítòsí Namibia, ènìyàn 33 sì kú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ pé bàálù mìíràn ń bọ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sínú C-130 náà. Ní 2001, Boeing gba iṣẹ́ láti sọ ìyẹ̀wù awakọ̀ C-130 tó tó 519 di irú kan náà, ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ojú kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni yóò rọ́pò àwọn aago àtijọ́, kọ̀ǹpútà tí Boeing 737 ń lò ni yóò máa darí ìrìn, wọn kò sì ní nílò atọ́nà mọ́.

Bàálù àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣe fò ní 2006. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, owó ti ga kọjá ààlà tí òfin Nunn-McCurdy fàyè gbà, wọ́n sì gé 519 sí 222. Àwọn tó yẹ ìnáwó wò fún ilé aṣòfin sọ ìdí rẹ̀: wọn kò fojú tó yẹ wo bí iṣẹ́ ẹnjiníà lórí oríṣiríṣi C-130 yóò ti le tó. Lójú tèmi, ibí ni kókó wà. Ojú kọ̀ǹpútà ni ẹni tó ń rajà ń rí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń bá wáyà jà. Bí bàálù méjì bá yàtọ̀ lẹ́yìn pátákó, iṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iye bàálù ni wọ́n kà, kàkà kí wọ́n ka iye irú wọn. C-5, bàálù akẹ́rù wọn mìíràn, kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ kò sì tó nǹkan; ètò àtúnṣe ìyẹ̀wù awakọ̀ tirẹ̀, tí bàálù àkọ́kọ́ rẹ̀ fò ní 2002, parí.

Ní 2012 ni ìjọba ní kí wọ́n pa ètò Boeing tì. Ohun tó wá dé lẹ́yìn rẹ̀ kéré, ó sì ní gbèdéke: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2020, òfin Amẹ́ríkà ní kí bàálù tó bá ń fò nínú ọ̀pọ̀ òfuurufú wọn máa fúnra rẹ̀ sọ ibi tó wà. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ìpele méjì. Èkíní fi ohun tí òfin ń béèrè sínú C-130H. Èkejì, tí ilé-iṣẹ́ L3Harris ń ṣe ní Waco, Texas, ni ó wá ń kó aago àtijọ́ kúrò. Irú H nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ní ti àwọn tó ti gbó jù, C-130J ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn: páílọ́ọ̀tì méjì àti alábòójútó ẹrù ló ń wà nínú rẹ̀, níbi tí H ti ń gba ènìyàn márùn-ún.