Òrí, Àdí àti Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Wọ́n máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun ní Ṣáṣá àti láwọn abúlé Akínyẹlé àti Lágelú lágbègbè Ìbàdàn kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tó jókòó sórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Bó bá ti fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́ tán, á fi aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná tẹ ìdodo rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ láti ọrùn dé ìdí, á na apá rẹ̀ méjèèjì pàdé láyà. Òróró ló kù. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọmọ nímú, òrí ni. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí wọ́n ń bẹ̀rù gíìrì, àdí dúdú ni. Òróró méjì yìí ni ẹ̀rí mi. Igi òrí kì í ṣe igi igbó, inú ọ̀dàn lọ́nà Ṣakí àti Kíṣí ló ti ń hù. Ẹkùrọ́ tí wọ́n ń dín títí yóò fi sun àdí, ẹ̀yìn ilé ló wà ní Akínyẹlé. Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú, àwọn ará ọ̀dàn rọ́ wá síbí, wọ́n kọ́lé sí Ìbàdàn, wọ́n sì dá oko sí ẹ̀bá rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ìyá ọ̀dàn ti pàdé àdí ilẹ̀ ọ̀pẹ.

Ẹnì kan lè ní ọjà ló ń gbé òrí wá, kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni pé alájàpá ń tà á. Ṣùgbọ́n alájàpá kì í kọ́ni níbi tí a ó ti tẹ ọmọ àti bí ọwọ́ yóò ṣe le tó. Ìyá ló ń fi han ìyàwó ilé, lójú ọmọ, lójoojúmọ́.

Àwọn mìíràn á ní wíwọ́ ọmọ kò ju ìkẹ́ lọ. Ilẹ̀ China já wọn nírọ́. Ìwé ìṣègùn Zhenjiu Dacheng, tó jáde ní ọdún 1601, ní apá kan tó dá lórí fífi ọwọ́ tọ́jú àrùn ọmọdé: wọ́n ń fi ìka ra etí àtàǹpàkò fún ọmọ tí kò jẹun, wọ́n ń fi ọwọ́ yí ikùn po fún inú rírun. Títí dòní, ilé ìwòsàn wọn ń ṣe é. Ìwé ni wọ́n fi jù wá lọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ewu, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ ewé tábà sí fún ọmọ tí gíìrì gbé: ó ń ṣe ìjàǹbá fún èémí àti ọkàn. Àwọn kan tún ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ tó ń wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná lórí ìdodo tí kò tíì jinná, òróró tí wọ́n ń kán sí ihò imú, àti jíju ọmọ sókè, ti ọwọ́ ni, ó sì yẹ kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó gbà pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀ kò lè yọ ọ̀kan kúrò láìrò pé òun ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn ìyá wa ló kó o jọ, tí wọ́n fi àdí kún òrí nígbà tí ilẹ̀ wọn yí padà, lè yọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a lè ro ti fífi òróró pa ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tó kéré jù. Èwo nínú òrí àti àdí ló dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, báwo ni ọwọ́ yóò sì ṣe fúyẹ́ tó? Àwọn ìyá àgbà tó lè bá onímọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà ní Akínyẹlé.