ìṣàkóso ìwọlé ọ̀ranyàn

ọ̀rọ̀-orúkọ (iṣẹ́ kọ̀ǹpútà). Ètò ààbò tí òfin rẹ̀ ń pinnu ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan lè kà tàbí lò nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ni fáìlì kò lè yí òfin náà padà.

Àpẹẹrẹ. Onílé kan ní Ẹgbẹ́dà lè gba àlejò sílé bí ó ṣe wù ú: ìyọ̀ǹda nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ onílé bá pinnu pé a ó máa ti géètì àdúgbò ní agogo 11 alẹ́, òfin náà de onílé pàápàá: ọ̀ranyàn nìyẹn.

Ìtàn. Ní ọdún 2000 ni àjọ NSA ti Amẹ́ríkà gbé SELinux jáde fún Linux, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Láti Android 5.0 (2014) ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún lórí fóònù Android, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìkòtún.

Ìlò. A kì í fi “ìyọ̀ǹda” túmọ̀ rẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni èyí tí áàpù ń tọrọ lọ́wọ́ oní-fóònù. Olùtumọ̀ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Òfin ọ̀ranyàn ń dá áàpù dúró kí ó má wọ ibi tí áàpù mìíràn ń kó nǹkan sí. Ṣùgbọ́n bí oní-fóònù fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda kí áàpù máa ka àtẹ̀jíṣẹ́, òfin náà kò ní dí i lọ́wọ́ láti ka nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́.